Àdín Lára Igi Ìbọn

Irin ìbọn kì í wọ ilé mi. Gbogbo ọdẹ tó ń gbé iṣẹ́ wá fún mi, láti Ìmásàyí títí dé ẹnubodè, ló mọ òfin yìí. Alágbẹ̀dẹ ni yóò tú irin kúrò, tí yóò kó o pamọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Igi nìkan ni ọdẹ yóò wé sínú àpò, tí yóò gun ọ̀kadà gbé e wá bá mi ní Ayétòrò. Ìyàwó mi ló ṣe òfin náà. Ó ní òun kò fẹ́ ìbọn nílé tí àwọn ọmọ-ọmọ òun ti ń sáré kiri. Èmi náà ò bá a jiyàn, nítorí ọmọ katikíìsì ni mí, n kò sì yin ìbọn rí láyé mi. Igi ni tèmi, àti epo tí à ń fi pa á.

Kí ẹ má rò pé gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí o. Tíṣà ni mí. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìntì, apẹ̀rẹ̀, ẹní àti ìgbálẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí a ń ṣe níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ìwé kan lẹ́bàá Ìdógò, tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, ni mo rí bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó ń fi epo pa igi ìbọn níwájú ilé rẹ̀. Mo dúró, mo ń wò ó. Ó ní bí mo bá fẹ́ máa wò, kí n jókòó, nítorí mò ń dí oòrùn mọ́ òun lójú. Mo jókòó, mo sì ń lọ jókòó bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí bàbá náà bá mi sọ lọ́dún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tó èyí tí ìyàwó mi máa ń sọ kí omi ẹ̀kọ tó hó. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ nípa epo àti igi, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti rí gbogbo rẹ̀.

Iṣẹ́ náà rọrùn láti sọ. A ó kọ́kọ́ fi àfọ́kù ìgò ha ìdọ̀tí àti fáníìṣì àtijọ́ kúrò lára igi. A ó wá fi omi díẹ̀ nù ún, a ó sá a sí oòrùn, kí irun igi lè dìde. Igi nírun bí ènìyàn. Bí o kò bá mú un dìde kí o fá a, yóò dìde fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò bá pa ọdẹ nínú igbó. Ewé ìpín ni mo fi ń fá a. Sáńpépà wà lọ́jà, mo sì máa ń rà á, ṣùgbọ́n ewé ìpín tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já láàárọ̀ kì í ha igi lára jẹ. Lẹ́yìn èyí ló kan epo. Kò ju ìwọ̀n ìdérí ìgò kan lọ. A ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́, a ó máa fi ìdí ọwọ́ ra á mọ́ igi títí igi àtọwọ́ yóò fi gbóná. A ó fi àkísà nu èyí tí igi kò bá mu, a ó gbé e kọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ wà, ó di ọ̀tunla kí a tó tún un ṣe. Ìgbà méjìlá ni mo máa ń ṣe é. Kò sí ọdẹ tó lè bẹ̀ mí kí n gbà láti dín in kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ti bẹ̀ mí.

Epo tó ń gbẹ ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Epo pupa kì í gbẹ, òróró ẹ̀pà kì í gbẹ, òrí kì í gbẹ. Bí o bá fi wọ́n pa igi, igi á dán lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí yóò fi máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, tí eruku yóò sì máa bá a gbé. Àwọn akunlé ní epo kan tó ń wá nínú agolo. Obìnrin kan máa ń gbé e wọlé láti Ìpóbẹ̀, lódìkejì ẹnubodè, wílì ló ń pè é bí àwọn ará ọ̀hún ṣe ń pè é ní Faransé. Ó dára, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá ti bu kẹrosíìnì là á. Epo tí ọ̀gá mi lò, tí èmi náà sì ń lò, epo awùsá ni, awùsá yìí kan náà tí à ń sè jẹ nígbà òjò. A kì í sè é bí a bá fẹ́ fún epo rẹ̀: à ń pa á, à ń sá inú rẹ̀ gbẹ, à ń gún un, à ń yá a níná díẹ̀, à ń fi aṣọ fún un. Epo rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Kí ìgò kan tó kún, apá á ti ro ìyàwó mi, ẹnu rẹ̀ á sì ti ro etí mi. Ṣùgbọ́n bí epo awùsá bá gbẹ lára igi, ó gbẹ náà nìyẹn.

Ó tilẹ̀ lágbára ju bí a ṣe rò lọ. Lọ́dún kan, mo ká àwọn àkísà tí mo fi nu epo jọ sínú garawa, mo gbé garawa sábẹ́ bẹ́ǹṣì, mo lọ sí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Kí n tó dé, àkísà ti gbóná fúnra rẹ̀, èéfín ń yọ, ìyàwó mi ti da omi ìfọṣọ odidi ọ̀sẹ̀ kan sí i lórí. Láti ọjọ́ náà, orí okùn ni mò ń sá àkísà mi sí bí ẹni sá aṣọ. Ìyàwó mi ṣì máa ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ mi bí àlejò bá wà.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ìjoun. Ọdẹ ni, àgbẹ̀ sì ni. Ó fi bí ọdún mẹ́rin jù mí lọ, nítorí náà Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é, òun sì ń pè mí ní Tíṣà. A ti ń bára wa bọ̀ kí ewú tó yọ lórí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sá lọ lọ́dún tí wọn kò san owó oṣù wa, inú oko rẹ̀ sì ni iṣu tí a jẹ lọ́dún náà ti wá. Ìbọn kan ló ní, ṣakabùlà, igi ọ̀gànwó ló wà lára rẹ̀, ó pupa rẹ́súrẹ́sú. Ọdọọdún ló ń gbé igi náà wá fún mi.

Mùsùlùmí ni Ẹ̀gbọ́n, kì í pa Jímọ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n ilé tó ń gbé, ilé ìyá rẹ̀ ni, ìyá náà ṣì wà láyé, Ẹlẹ́gbára ló sì ń sìn láti kékeré, bí ìyá tó bí i ṣe sìn ín. Ẹlẹ́gbára wọn wà níta gbangba, lápá ọ̀tún ẹnu ọ̀nà, epo pupa tí wọ́n ti ń ta sí i látọdúnmọ́dún ti dì mọ́ ọn lára. Gbogbo ẹni tó bá mọ Ẹlẹ́gbára ló mọ̀ pé àdín ni èèwọ̀ rẹ̀. Àdín kì í wọ ilé náà, ì báà ṣe ti ìpara, ì báà ṣe ti irun.

Ó ti pẹ́, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ìyàwó ilé kan gbé ọmọ tuntun wá kí màmá. Màmá na ọwọ́ láti gba ọmọ, ó ń rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe fa ọwọ́ sẹ́yìn.

“Àdín lẹ fi ra á,” ó wí.

Kò pariwo, kò sì fajú ro. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí ilé kejì, kí wọ́n wẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí wọ́n wá fi òrí ra á. Ó jókòó síta, ó ń retí ọmọ náà títí wọ́n fi gbé e padà. Nígbà tó gbà á tán, ó ń jó fún un lórí ìjókòó bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo fi ojú ara mi rí èyí. Nítorí náà, n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé n kò mọ̀.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ó pẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n tó gbé igi wá. Ọyẹ́ ti dé. Mo dá Ọjọ́bọ̀ kan fún un pé kó padà wá gbà á. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó ku ẹ̀ẹ̀kan péré kó pé méjìlá, mo gbé ìgò epo awùsá, mo rí i pé èyí tó kù nísàlẹ̀ kò lè bo ìka kan. Awùsá ti tán lọ́jà tipẹ́. Obìnrin Ìpóbẹ̀ kò sì tíì wọlé.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò le rárá. Fóònù wà lápò mi. Ǹ bá pe Ẹ̀gbọ́n, kí n ní, “Ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.” Ǹ bá tilẹ̀ fi í sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kọkànlá kí n sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ, n kò pẹ́ dé ilé-ìwé rí, mo sì máa ń dúró lẹ́nu géètì kí n lè rí àwọn tíṣà tó bá pẹ́. Mo ti fọ́nnu fún gbogbo ọdẹ agbègbè yìí pé èmi kì í yẹ ọjọ́, pé méjìlá kì í di mọ́kànlá lọ́wọ́ mi. Ìgbéraga ni. Nígbà náà, ìwà rere ni mo ń pè é.

Ìgò àdín ìyàwó mi wà lórí fèrèsé ilé ìdáná, èyí tó máa ń fi pa irun. Mo gbé e. Mo dà á mọ́ ìwọ̀nba awùsá tó kù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra á. Mo mọ̀ pé kì í gbẹ. Mo mọ ilé tí igi náà ń lọ. Bí mo ṣe ń ra á ni mò ń bá ara mi sọ̀rọ̀: pé díẹ̀ ni, pé awùsá ìgbà mọ́kànlá ló wà lábẹ́ rẹ̀, pé Mùsùlùmí kúkú ni Ẹ̀gbọ́n, pé màmá ti darúgbó, imú wọn kò ní gbọ́ òórùn rẹ̀, pé èmi ọmọ katikíìsì, kí ló kàn mí nínú èèwọ̀ Ẹlẹ́gbára? Igi náà dán. Kí n má parọ́, kò sí iṣẹ́ mi tó dán tó bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e sá sí oòrùn látàárọ̀ dọ̀sán kí òórùn rẹ̀ lè lọ. Ẹni tó bá gbà pé òun kò ṣe ohun tó burú kì í sá igi sí oòrùn nítorí òórùn.

Ẹ̀gbọ́n dé ní Ọjọ́bọ̀. Ọyẹ́ ti mú un, ọ̀fìnkìn dí imú rẹ̀ pa. Ó gbé igi náà sókè, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀.

“Tíṣà, o tún ti dé e! Awùsá náà ni?”

Ó bèèrè bí ènìyàn ṣe ń bèèrè ohun tó ti mọ̀.

“Awùsá ni, Ẹ̀gbọ́n,” mo wí.

Ó wé igi sínú àpò, ó lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ kò ju méjì lọ, orúkọ tí mò ń pè é ló ṣìkẹta. Mo ti pa irọ́ tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn òbí nípa èsì ìdánwò ọmọ wọn, n kò rántí ọ̀kankan nínú wọn mọ́. Èyí kò kúrò lẹ́nu mi. Mo ń gbọ́ ọ bí mo bá ń wẹ̀, mo ń gbọ́ ọ bí a bá ń kọ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó tó bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ó tó pè mí lórí fóònù.

“Tíṣà, igi yìí ń làágùn o.”

“Ó ń làágùn báwo, Ẹ̀gbọ́n?”

“Bí oòrùn bá ti mú, ó máa ń yọ omi. Kò burú o, n kò wá fẹjọ́ sùn. Mo kàn ní kí n bi ọ́ léèrè ohun tí à ń ṣe sí i. Màmá ló ń bá mi nù ún.”

“Màmá?”

“Àwọn náà ni. Inú yàrá wọn ni mo gbé e kọ́, o mọ̀ pé wọn kì í fẹ́ kó jìnnà. Àràárọ̀ ni wọ́n ń ní ká sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á gbé e lé ẹsẹ̀, wọ́n á fi ìborùn wọn nù ún. Wọ́n ní iṣẹ́ Tíṣà dára, eruku ọyẹ́ ló ń bà á jẹ́.”

Mo ní n óò wá wò ó. Mo pa fóònù, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin tí kò jẹ́ kí àdín kan òun láti kékeré, òun ló ń fi ìborùn ara rẹ̀ nù ún láràárọ̀, tó tún ń yìn mí. Ojú tì mí. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, síbẹ̀ ojú tì mí.

Ìyàwó mi ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ó wò mí títí.

“Àdín mi tó dín, tí mo tìtorí rẹ̀ bá àwọn ọmọ wí?” ó wí. “Bàbá, ẹ dìde kí ẹ lọ bá wọn lónìí. Bó bá fi lè dọ̀la, ẹ ó ti rí àwáwí.”

Ó mọ̀ mí. Mo gun ọ̀kadà, mo kọjú sí ọ̀nà Ìjoun. Eruku pupa bo gbogbo ewé ẹ̀bá ọ̀nà, àwọn ọlọ́kadà tó gbé jálá epo bẹntiróòlù ń sáré kọjá wa bí ẹni pé ilé ń jó. Níbi tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù na okùn sí la dúró, kí wọ́n tú àpò àwọn tó wà níwájú wa. Ibẹ̀ ni èrò kan ti wá sí mi lọ́kàn. Mo lè sọ pé ẹni tó ta epo fún mi ló yí i. Obìnrin Ìpóbẹ̀ kò sí nítòsí láti já mi nírọ́. Mo tilẹ̀ ti to ọ̀rọ̀ náà jọ lẹ́nu, ó sì dùn ún gbọ́. Nígbà tí wọ́n sọ okùn sílẹ̀ fún wa, n kò tíì mọ èwo ni n óò sọ nínú méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n wà lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé, ó ń ki ọkọ́ bọ èèkù tuntun. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi. Ó ní màmá ń sùn, kí n jókòó, kí wọ́n bu omi wá. N kò jókòó.

“Ẹ̀gbọ́n, àdín ló wà lára igi yẹn.”

Ó dá ọwọ́ dúró. Ó wojú mi.

“Ẹni tó ta epo fún ọ ló tàn ọ́ jẹ?”

Ohun tí mo ti ń rò bọ̀ lójú ọ̀nà gan-an ni, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Rárá o. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi dà á. Epo tán lọ́wọ́ mi.”

“O mọ̀ pé àdín ni?”

“Mo mọ̀.”

“Lọ́jọ́ tí mo bi ọ́ ńkọ́?”

“Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n.”

Ó gbé ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Kí ló dé tí o ò pè mí? Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, kí ló jẹ́ láàárín èmi pẹ̀lú rẹ?”

“Mo ti dá ọjọ́ fún yín,” mo wí. Mo gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kéré tó bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi.

“Ọjọ́,” ó wí, ó sì dìde.

Ó wọ inú ilé lọ. Ó gba ẹ̀yìnkùlé gbé ìbọn náà jáde, kò gba iwájú Ẹlẹ́gbára kọjá, ó lọ fi í ti ògiri ilé kejì. Ó padà wọlé lọ jí màmá. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, n kò gbọ́ ohùn màmá. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ níwájú ilé, èmi tí mo ti ń gba ìkúnlẹ̀ àwọn ọmọ iléèwé láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Àwọn tó ń kọjá ń wò mí, n kò dìde.

Màmá fi ọwọ́ tẹ ògiri jáde.

“Ta ló dọ̀bálẹ̀ un?”

“Tíṣà ni, Màmá.”

“Ìborùn mi méjèèjì ni mo ti fi nù ún,” ó wí, bí ẹni ń ka iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ láti ṣe. “Aṣọ ìbusùn náà kàn án. Ẹ bá mi kó wọn jáde kúrò nílé. Ẹ bá mi bu omi, kí n wẹ ọwọ́ mi. Kí ẹnì kan gbé epo wá.”

Wọ́n gbé epo pupa wá. Ó wẹ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, lẹ́ẹ̀mejì, ó wá tẹ̀ síwájú Ẹlẹ́gbára, ó ń da epo sí i díẹ̀díẹ̀, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ lóhùn ìsàlẹ̀, bí ẹni ń bẹ àgbà nítorí àlejò kan tó ṣìwà hù. N kò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ ibi tó ti ní, “Ó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá.” Nígbà tó ṣe tán, ó yíjú sí mi.

“Tíṣà, dìde nílẹ̀. Ó ti parí. Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ìgbáròkó ṣì ń dùn ún?”

Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀. Mo dáhùn pé ó ṣì ń dùn ún díẹ̀. Ó júwe ewé kan fún mi tí yóò máa fi omi rẹ̀ gbígbóná jó o. Ní ti màmá, ó parí lóòótọ́. Títí di òní, bí mo bá lọ síbẹ̀, ẹ̀rín ló fi ń pàdé mi.

Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló tú irin kúrò, ó fún mi ní igi náà. Ó sìn mí dé ibi ọ̀kadà, ó ní kí n rọra.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bá igi yẹn jìjàkadì. Mo po ẹfun mọ́ omi, mo fi lẹ̀ ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sá a sí oòrùn, kí ẹfun lè fa àdín jáde. Ẹfun náà ń fà á, nítorí bí mo bá ha á kúrò, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. N óò tún lẹ òmíràn. Mo ha á, mo fi omi ọṣẹ gbígbóná fọ̀ ọ́, mo tún lẹ̀ ẹ́. Bí mo bá rò pé ó ti tán, oòrùn ọ̀sán kan á mú, igi á tún làágùn. Mo pe Ẹ̀gbọ́n, mo ní kò jáde. Ó ní òun mọ̀ pé kò ní jáde, pé òun ti ní kí alágbẹ̀dẹ Ìmásàyí wá ẹni tí yóò gbẹ́ òmíràn fún òun.

Òjò tún rọ̀, awùsá tún kún ọjà. Mo ti gbà pé n kò ní rí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, pé yóò gbé igi tuntun náà fún ẹlòmíràn, tàbí kó tilẹ̀ fi fáníìṣì kùn ún, èyí tí ìbá dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àfi bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà láàárọ̀ ọjọ́ kan, àpò wà lábíyá rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti kí i kó tó kí mi. Ó bèèrè àwọn ọmọ, ó ní màmá ní kí òun kí wa, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti sanra. Ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

Mo gba igi náà, mo fi ewé ìpín fá a dáadáa, mo nù ún. Nígbà tí mo na ọwọ́ sí ìgò epo mi, ó ní kí n dúró. Ó ki ọwọ́ bọ àpò dàńṣíkí rẹ̀, ó yọ ìgò kékeré kan jáde, ìgò oògùn ikọ́ tí wọ́n ti fọ̀ mọ́, epo awùsá kún inú rẹ̀.

“Èyí ni kí o fi pa á, Tíṣà. Ìyàwó mi ló gún un, tó sì fún un.”

Ó fa àpótí sún mọ́ bẹ́ǹṣì, ó jókòó. Ní gbogbo ọdún tí a ti ń bára wa bọ̀, kò jókòó ti iṣẹ́ mi rí. Inú ilé ló máa ń gbà lọ, níbi tí oúnjẹ wà. Lọ́jọ́ náà, ìyàwó mi pè é lẹ́ẹ̀mẹta, oúnjẹ tutù. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọwọ́ mi. Nígbà tí mo nu igi tán, ó de ìgò rẹ̀, ó fi í sápò, ó ní ó di ọ̀tunla.

Ìgbà méjìlá ló wá bẹ́ẹ̀. Ìjoun kò súnmọ́ Ayétòrò, ọ̀nà náà sì burú nígbà òjò; ẹrẹ̀ máa ń mù ún dé orúnkún kó tó dé. Nígbà kẹrin, n kò lè mú un mọ́ra mọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ìgò yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹ má fi ọ̀nà pa ara yín.”

“Kò ni mí lára, Tíṣà,” ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín. “Mo fẹ́ kí n máa rí ọ.”

Òótọ́ ló sọ, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbá ṣe pé ó ń bínú ni, mo mọ bí a ṣe ń bẹ ẹni tó ń bínú. Kò bínú. A ń sọ̀rọ̀ oko, a ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, a ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì wà lára ọwọ́ mi.

Lọ́jọ́ kejìlá, igi náà parí. Ó dára, kì í ṣe pé mò ń yin ara mi. Ẹ̀gbọ́n gbé e sókè, ó yìn ín, ó wọlé, ó sì jẹun tó yó bí ó ti máa ń yó nílé wa. Epo tó kù nínú ìgò rẹ̀ tó pa igi mìíràn. Ìyàwó mi, tí kò lè pa ẹnu mọ́, ní kó kúkú fi í sílẹ̀ fún wa, kí òun sinmi gígún awùsá fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀gbọ́n wo ìgò náà, ó wò mí. Ó fi ọwọ́ gbá mi léjìká jẹ́jẹ́.

“N óò máa mú un bọ̀ lọ́dọọdún,” ó wí, ó sì fi í sápò.